Ìdálulẹ̀ Tí Sosaia Kò Kà

Ìdíje mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ẹgbẹ́ rọ́gbì àwọn obìnrin Ibis gbá ní sáà mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn. Wọ́n borí nínú mẹ́fà, wọ́n ta ọ̀mì nínú ọ̀kan, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú ogún. Ẹyẹ ibis funfun ni àmì wọn, ẹyẹ ọlọ́rùn dúdú tó ń tú ìdọ̀tí káàkiri Sydney, àwọn alátakò sì ń pè wọ́n ní adìẹ ààtàn.

Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú kan tí Sosaia, akọ̀wé ẹgbẹ́, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ọjọ́, pápá, ojú ọjọ́, àmì ayò, àti iye ìgbà tí obìnrin kọ̀ọ̀kan di alátakò mú tó sì dá a lulẹ̀. Bí rọ́gbì ti rí nìyẹn. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ló ni ariwo. Ẹni tó ń dá ènìyàn lulẹ̀ ló ń gbé ẹgbẹ́ ró, ìwé nìkan ló sì ń rántí rẹ̀. Ní sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó bá ìwé Sosaia jiyàn. Irọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìfẹ́ ló sì kọ ọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan, oṣù kan kí sáà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀ràn náà ti ṣẹ̀, nínú gáréèjì Lisiate ní Blacktown. Lisiate ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ọjọ́ mẹ́fà, ó ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì àwọn ará Tonga ní ọjọ́ keje. Kalolaine, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ni Ibis fẹ́ gbà síṣẹ́. Bàbá kò kọ eré náà. Ìrìn àjò ló kọ̀: Newcastle, Townsville, Canberra, ilé ìtura, àti àwọn ọkùnrin tí òun kò mọ bàbá wọn. Kóòṣì Bronwyn Carmody, òyìnbó obìnrin tó gbá rọ́gbì títí eékún rẹ̀ méjèèjì fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, mú Sosaia dání láti wá bẹ̀ ẹ́, nítorí Sosaia gbọ́ èdè Tonga, ó sì mọ bí a ti ń jókòó níwájú àgbà.

Wọ́n ká ẹsẹ̀ kò lórí ẹní. Ife kava, ohun mímu tí àwọn ará Tonga fi ń ṣe ìpàdé, ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Lisiate béèrè ọmọ ẹni tí Sosaia í ṣe. Sosaia ní Leimatuʻa, ní erékùṣù Vavaʻu, ni ìyá òun tó ti di olóògbé ti wá. Ojú Lisiate tàn, nítorí abúlé tirẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n tú ìdílé palẹ̀ láti ìran dé ìran. Wọn kò bá ẹ̀jẹ̀ kan, ṣùgbọ́n wọ́n bá ilẹ̀ kan. Nígbà náà ni Lisiate gbé ife lé e lọ́wọ́.

"Bí ọmọ mi bá ń bá yín rìn, ta ni tirẹ̀ níbẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Sosaia dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo jẹ́ láti òní lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń kí ni kú ìjókòó. Ó mu ife náà tán, àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́, Lisiate sì fọwọ́ sí ìwé tí Bronwyn mú wá. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Kalolaine gbé àwo iṣu wọlé, pẹ̀lú ẹran àgùntàn tí wọ́n fi ewé kókò wé. Èjìká rẹ̀ fẹ̀, àpá kékeré kan wà lókè ojú rẹ̀ òsì, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò sí ohun tó lè lé e láyé.

"Kí ẹ̀gbọ́n rẹ," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó tẹrí ba, ó kí i. Sosaia dáhùn, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti fi ẹnu ara òun di ọ̀nà mọ́ ara òun.

Nítorí láàrin àwọn ará Tonga, ọ̀wọ̀ tó wà láàrin ọkùnrin àti arábìnrin rẹ̀ wúwo ju èyí tó wà láàrin ọmọ àti bàbá lọ. Kì í tẹjú mọ́ ara rẹ̀. Kì í bá a ṣẹ̀fẹ̀ bí ọkùnrin àlejò. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ẹnu kì í gbà á sọ. A kì í sì í mu kava lé ọ̀rọ̀ lórí kí a tún wá máa pè é ní àwàdà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí nílé lọ́jọ́ náà, Melenaite, ẹ̀gbọ́n Lisiate lóbìnrin, tó lọ sin òkú ní Vavaʻu. Kò sí ẹni tó rò pé ó já mọ́ nǹkan.

Láti ọjọ́ náà ni Sosaia ti di ẹ̀gbọ́n Kalolaine. Òun ló ń gbé báàgì rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ń jẹun ní ìlú àjèjì, tábìlì tí kò dojú kọ tirẹ̀ ló máa ń yàn. Bí ẹgbẹ́ bá jọ fẹ́ wo fídíò, ó máa ń rí iṣẹ́ kan ṣe níta. Àwọn obìnrin yòókù rò pé ìtìjú ló ń ṣe é, wọ́n sì fi orúkọ àlùfáà pè é.

Orí pápá ló ti le jù. Bí Kalolaine bá sáré sí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, tó di ìbàdí rẹ̀ mú, tí wọ́n sì jọ wó lulẹ̀ tí aṣọ ń fà, ojú Sosaia a máa wolẹ̀ fúnra rẹ̀. Eruku ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa wò. Nígbà tó bá fi gbójú sókè, ìdálulẹ̀ mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá ta sí i létí láti ẹnu àwọn èrò ló ń kọ. Mẹ́rìnlá. Mẹ́tàlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. Ní ọ̀nà Canberra, níbi tí Kalolaine ti sùn lọ níwájú rẹ̀ tí irun rẹ̀ tú sẹ́yìn àga, ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀wọ̀ a máa dun ni ní àyà báyìí.

Lẹ́yìn ìdíje gbogbo, Kalolaine a wá síbi ìdènà, òógùn a máa ṣàn lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni mo dá?"

"Mẹ́rìnlá."

"Mẹ́rìnlá náà." A wò ó díẹ̀, a já téèpù funfun tó fi wé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, a sì fi í sápò. Kò jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Kalo ni adìẹ ààtàn tòótọ́ nínú ẹgbẹ́, ìdọ̀tí ara rẹ̀ ló ń kó jọ.

Báyìí ni sáà mẹ́ta ṣe kọjá.

Ní oṣù kẹrin tó tẹ̀ lé sáà kẹta, wọ́n kéde àwọn tí yóò gbá fún ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù ìpínlẹ̀ náà, orúkọ rẹ̀ ti kúrò ní ti àdúgbò. Obìnrin méjì láti Ibis ni wọ́n mú. Kalolaine kò sí níbẹ̀.

Bronwyn pe Sosaia sí ọ́fíìsì. Ó ní òun ti bá àwọn tó ń yan ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá ipò rẹ̀ ní ẹgbẹ́ mìíràn ń dá méjìdínlọ́gbọ̀n ní ìdíje kan, Kalolaine ń dá mẹ́rìnlá.

"Sosaia, ojú mi ń rí ohun tí ìwé rẹ kò rí," ni Bronwyn wí. "Ó ti ṣe ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé ojú mi ló ń tàn mí, torí ìwọ kì í ṣàṣìṣe."

Nígbà tí Bronwyn jáde lọ, Sosaia ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé fídíò ìdíje Newcastle ti sáà kejì sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi ojú méjèèjì wo Kalolaine láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mẹ́rìndínlógójì ló kà. Ó ṣí ìwé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dára.

Bó bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bó bá sọ pé òun ṣàṣìṣe, wọn yóò béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ti obìnrin kan ṣoṣo ni àṣìṣe náà. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni yóò lé e kúrò ní ilé Lisiate títí láé.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Kalolaine ní ẹ̀gbẹ́ pápá níbi tó ti ń tú okùn bàtà, ó sì jẹ́wọ́. Ó retí pé yóò bínú. Kalolaine tú bàtà kejì tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò wò mí?"

Sosaia tẹjú mọ́ bàtà tó tú sílẹ̀ náà.

"Ẹ lọ sọ ọ́ nílé bàbá mi," ni Kalolaine wí. "Ibẹ̀ lẹ ti kó o wọlé, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kó o jáde."

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé, Bronwyn fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Sosaia dé Blacktown. Ó ti ró ẹní àtijọ́ tó ti ya mọ́ ìbàdí, bí ẹni tó wá tọrọ ìdáríjì ti ń ṣe. Ewé igi ifi ló yẹ kó fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ṣùgbọ́n ifi kò hù ní agbègbè yẹn. Ewé ọsàn wẹ́wẹ́ ló rí já lẹ́yìn ilé aládùúgbò rẹ̀. Ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì iwájú gáréèjì, ó tẹrí ba. Bronwyn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kò ní dára kó kan ilẹ̀kùn lásán. Ó ní rárá.

Lisiate rí i láti ojú fèrèsé. Wákàtí kan kọjá, kò jáde. Oòrùn ń mú, ewé ọrùn Sosaia ń rọ. Ní aago mọ́kànlá àbọ̀, ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin arúgbó kan tó ga tó sì rí pẹlẹbẹ bí ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Melenaite ni. Ó já ewé kan lọ́rùn Sosaia, ó fi gbóòórùn.

"Ọsàn," ló wí. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ẹ̀bẹ̀ lo wá bẹ̀ ni, àbí ẹja lo fẹ́ sè? Dìde, wọlé."

Nínú pálọ̀, Lisiate jókòó láì wo ẹnikẹ́ni. Kalolaine wà lórí ẹní lẹ́yìn àga Melenaite. Sosaia gbé ìwé ẹlẹ́yìn dúdú náà kalẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀. Kò yọ nǹkan kan kúrò, àní ọ̀nà Canberra pàápàá.

Lisiate gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní òun fi ọmọ òun lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe ọkọ. Ó ní lórí kava ni, àwọn ènìyàn gbọ́, ìjọ gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí òun bá dúró lórí pẹpẹ, kí ni òun yóò sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun? Ó ní kí Sosaia gbé ìwé rẹ̀, kó máa lọ, àti pé òun kò ní í bú u.

Sosaia na ọwọ́ sí ìwé náà. Melenaite fi orí ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Mo ní ìbéèrè," ló wí. "Havili ọmọ Lisiate, tí òun àti Kalolaine jọ mu ọmú kan náà, orí àga ló máa ń dúró sí lórí pápá tó ń han gooro. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àbúrò rẹ̀. Ìwọ tí o kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, ìwọ lò ń wolẹ̀. Kí lò ń bẹ̀rù?"

"Ojú mi ni, Àǹtí. Mo ń bẹ̀rù ohun tí yóò sọ fún ẹni tó bá ń wò ó."

Kalolaine dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé agolo bísíkíìtì kan jáde. Ó tú u sórí ẹní. Téèpù funfun ni, ó ti pọ́n bí eyín àgbà, a ká ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ. Lára èyí tí Melenaite tú, wọ́n fi pẹ́ẹ̀nì kọ nọ́ńbà méjì: mọ́kàndínlógún fún ìlàjì àkọ́kọ́, mẹ́tàdínlógún fún ìkejì. Orúkọ Newcastle wà lábẹ́ rẹ̀.

"Èmi náà ń ka tèmi," ni Kalolaine wí. "Láti ìdíje kejì ni mo ti mọ̀ pé kì í wò mí."

"O mọ̀, o sì dákẹ́?" Lisiate wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Bí mo bá ké, Bàbá, wọn yóò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò máa bá wa rìn."

Lisiate fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Ó ní, "Ẹ̀wù ìpínlẹ̀ lo fi san án."

"N kò mọ̀ pé yóò wọ́n tó bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Sosaia. "Ẹ̀yin dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Àwa méjèèjì la jọ kọ irọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọn kò mú."

Sosaia kò gbójú sókè. Gbólóhùn yẹn ni yóò gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún ìyókù ayé rẹ̀, ó sì mọ̀.

Melenaite yí àga rẹ̀ sí àbúrò rẹ̀.

"Lisiate. Ní Leimatuʻa, ta ni í sọ ẹni tó jẹ́ ẹbí fún ọmọ, ta ni í sọ ẹni tí ọmọ náà yóò fẹ́?"

Lisiate mọ ibi tó ń lọ. "Arábìnrin bàbá ọmọ ni."

"Ta nìyẹn nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ibo ni mo wà lọ́jọ́ tí o fún ọmọ mi ní ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ wà ní Vavaʻu. Òkú lẹ lọ sin."

"Ta ló pè mí lórí fóònù?"

Lisiate tẹjú mọ́ ẹní.

"Ọ̀rọ̀ gáréèjì ni, nígbà náà," ni Melenaite wí. "Kò wọ inú ilé. Kalolaine ní ẹ̀gbọ́n kan, Havili lorúkọ rẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ọmọ ará abúlé wa ni."

"Ìjọ yóò sọ̀rọ̀."

"Kí wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Mo máa ń wà nílé."

Lisiate tẹrí ba fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ti ń ṣe láti kékeré. Kò sọ pé inú òun dùn. Ó dìde, ó lọ sí gáréèjì, wọ́n sì gbọ́ tó ń ti nǹkan kiri níbẹ̀.

Sosaia rò pé ó ti parí. Melenaite ní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan lẹ́nu ọkùnrin tí kò tíì rí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Gbogbo ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n ni yóò tún wò, nínú pálọ̀ yìí, níwájú òun, ní ọ̀sán Sátidé, yóò sì ka gbogbo ìdálulẹ̀. Ó ní kí Kalolaine gbé agolo rẹ̀ fún òun pamọ́ títí wọn yóò fi parí. Ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má tún pe ọkùnrin yẹn ní ẹ̀gbọ́n mọ́ nínú ilé òun.

Sátidé mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é, ìdíje mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Melenaite a máa hun ẹní lọ, a máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò. Bí Sosaia bá ṣiyèméjì, a ní kó dá a padà. Ní Sátidé kẹta ó ti mọ òfin eré náà, ní ìkarùn-ún ó ti ń bá adarí eré jà. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, Sosaia rí ohun tí kò rí ní ọdún mẹ́ta: bí Kalolaine ṣe máa ń dìde kí ẹni tó dá lulẹ̀ tó dìde; bó ṣe ń na ọwọ́ sí i láti fà á sókè; bí ara ṣe ń ro ó lẹ́yìn àádọ́rin ìṣẹ́jú ogun. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà omi a máa lé sí i lójú. Melenaite kì í sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, yàtọ̀ sí pé kó máa kà.

Ní Sátidé kẹsàn-án, wọ́n ro ó pọ̀. Ìwé àtijọ́ sọ pé irínwó ó dín méjìlélógún. Fídíò sọ pé ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó dín méjìlá. Melenaite ṣí agolo, ó ka téèpù: ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó dín mẹ́sàn-án.

Lisiate, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó kàn ń kọjá, ló sọ̀rọ̀. "Ó ku mẹ́ta."

"Mẹ́ta yẹn, lẹ́yìn ìgbéyàwó ni kó máa wá wọn," ni Melenaite wí, ó sì ká ẹní tó ń hun láti Sátidé àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni Sosaia tó mọ̀ pé ẹní ìyàwó ni.

Bronwyn fi àkọsílẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn yóò wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdíje ìpínlẹ̀ ti ọdún náà ti kọjá, ẹlòmíràn ló sì wọ ẹ̀wù náà. Kalolaine wò ó nílé, ó pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní oṣù keje, sáà kẹrin bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé, nínú òjò wínníwínní. Sosaia jókòó síbi tó ń jókòó tẹ́lẹ̀, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Lisiate jókòó tì í, kò sì sọ ìdí. Ní àádọ́rin ìṣẹ́jú, Sosaia kò wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé náà rọ sínú òjò, ọwọ́ rẹ̀ ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ibis fìdí rẹmi, méjìdínlógún sí mẹ́rìndínlógún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ìfìdírẹmi kọkànlélógún.

Kalolaine wá síbi ìdènà, ẹrẹ̀ bo àpá ojú rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo Sosaia.

"Mélòó?"

"Mẹ́tàlélógójì."

Ó já téèpù ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò fi í sápò lọ́tẹ̀ yìí. Ó nà án kọjá ìdènà, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Mẹ́rìnlélógójì ni. O ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, Sosaia."

Sosaia mú pẹ́ẹ̀nì, ó fa ìlà lórí nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì kọ ti Kalolaine sí i, lójú bàbá rẹ̀.